Ìwẹ̀ Tí Mi Ò Lè Dá Wẹ̀ Mọ́

Òórùn róòbù ni mo fi ń rántí àsìkò yẹn. Róòbù tó dà pọ̀ mọ́ òórùn ọṣẹ dúdú àti ti ògiri tí kì í gbẹ nínú balùwẹ̀ wa ní Ìsọlọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ga, ó sì kéré, ibẹ̀ la ti máa ń gbọ́ àwọn tírélà tó bá ń kọjá lọ sí àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ láàárọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ bí awakọ̀ ṣe ń pa jíà dà, mo ti mọ̀ bóyá ẹrù tó gbé wúwo. Mo máa ń dúró sábẹ́ fèrèsé yẹn ní ìhòòhò, ọwọ́ ọ̀tún mi lára ògiri, omi nínú báàkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ mi, màá máa ro bí mo ṣe máa dé ẹ̀yìn ara mi. Ìwọ tí a jọ dàgbà ni mo lè sọ ọ́ fún. Àwọn ọmọdé rò pé ikú ni àgbàlagbà ń bẹ̀rù.

Iṣẹ́ tírélà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọkọ̀ ìgbà tiwa, sitiarín wọn kì í rọ̀. Bó o bá fẹ́ yí i níbi tí àyè ò ti gbà ọ́, àfi kó o dìde díẹ̀ lórí àga, kó o fi gbogbo èjìká fà á. Ká tó kúrò ní géètì, àwa fúnra wa la máa ń fa okùn tápólì le lórí ẹrù. Orúnkún òsì ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo bá mú ọ̀pá. Ìyẹn ò tì mí lójú. Ọ̀pá máa ń bá àgbà mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èjìká òsì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń dùn mí bí òjò bá ṣú, ó wá di ojoojúmọ́, ó wá di pé bí mo bá mi apá náà, á máa ró kẹ́kẹ́kẹ́ bíi bẹ́árìn tí gírísì ti tán nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbé mọ́. Apá náà á dé ibi àyà, á dúró. Kò lọ sókè, kò sì lọ sẹ́yìn.

Ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì ń ṣe fún wa, pàápàá àwa Mùsùlùmí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò sì ráyè bá a ṣe é, torí òun ló ń di ọ̀pá tàbí ògiri mú. Bó bá fi í sílẹ̀, orúnkún á yẹ̀, màá sì ṣubú. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń dá ṣe fún ara rẹ̀, mi ò lè ṣe é mọ́.

Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, kò sì fìgbà kan sọ pé òun mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ ẹ̀yìn." Láti ẹ̀yìn ló ti dé abíyá, láti abíyá ló ti dé ibi tó kù. Bó ṣe ń fọ̀ mí ló ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò wa tó ń kọ́lé ní Èjìgbò, pé àwọn bíríkìlà ti tún sá lọ fún un. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó ní pálọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó tún wá, ó tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. A kì í sọ ọ́, a kì í wo ara wa lójú bí a bá ń ṣe é, bí mo bá sì ti wọ kàfùtánì mi tán, tí mo jáde síta, ọkùnrin ni mí láàárín àwọn ọkùnrin.

Nígbà tó yá, àbígbẹ̀yìn wa bímọ ní Ìlọrin. Àkọ́bí rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ bá a wẹ ọmọ. Ìyàwó mi di ẹrù tán, kò lọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ọmọ wa kó máa wọlé tọ̀ yín láàárọ̀."

Ọmọ tó ń wí ni àkọ́bí wa ọkùnrin, tó ń gbé òkè ilé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àwa là ń gbé ìsàlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ mi.

"Kó máa wọlé wá ṣe kí ni?" mo bi í. "Ṣé mo ti di ọmọ jòjòló ni?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Mo ti ní ọgbọ́n tí mo fẹ́ dá. Mo so kànrìnkàn mọ́ orí igi mọ́ọ̀pù tó ti ṣẹ́, mo fi wáyà yí i ká dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó dé ẹ̀yìn, inú mi dùn bí ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe lójú títì láìsí mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ kejì ó já bọ́ sílẹ̀. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo fi ẹsẹ̀ fà á, ó yọ̀ lọ sẹ́yìn báàkẹ́ẹ̀tì, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, tí mò ń wo kànrìnkàn bí ẹni tó ń wo ohun tó já bọ́ sínú odò. Àtọjọ́ náà ló ti di pé mò ń da omi sára lásán. Ibi tí omi bá dé, ó dé. Mo wá ń fi róòbù pa èjìká, pa ọrùn, pa àyà, mo ń fọ́n lọ́fíńdà sórí kàfùtánì, mo sì rò pé bó ṣe ń ta sánsán sí mi nímú náà ló ń ta sánsán sí gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ sí mọ́sálásí àdúgbò wa. Orí àga ni mo ti ń kírun, ní ìparí sàfù, ìyẹn ìlà àwọn tó ń kírun, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wa ọkọ̀ rí ló sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn ó dé, ó kí mi, ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì ká ẹní náà. Ó lọ síwájú. Àyè tó fi sílẹ̀ wà níbẹ̀. Lèmọ́mù ní kí a tò gún, ká má fi àyè sílẹ̀ láàárín. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wá, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n padà sẹ́yìn. Mi ò mọ ohun tí mo kà nínú ìrun yẹn. Ojú mi wà nílẹ̀, mo sì ń gbọ́ òórùn ara mi fún ìgbà àkọ́kọ́, lábẹ́ róòbù, lábẹ́ lọ́fíńdà, kedere.

Ọ̀rẹ́ mi dúró dè mí níta. Mi ò sọ fún un rí pé wọ́n ń bá mi wẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fòye mọ̀ ọ́n.

"Ta ló ń bá ẹ wẹ̀ látìgbà tí ìyàwó ẹ ti lọ?"

"Ta ni ì bá tún bá mi wẹ̀?"

"Òórùn ń jáde lára ẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Tó bá jẹ́ èmi ni, màá fẹ́ kó o sọ fún mi."

Mo ní kó bá mi kí àwọn ará ilé rẹ̀. Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, torí àwọn èèyàn máa ń jókòó níwájú ilé lọ́sàn-án Jímọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ mi.

Ìyàwó ọmọ mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ. Abọ́ ńlá wà níwájú rẹ̀ fún aṣọ ilé. Abọ́ mìíràn wà lọ́tọ̀, nítòsí gọ́tà, ṣòkòtò mi àti pátá mi ló wà nínú rẹ̀, ó fi náílọ̀ọ̀nù wé ọwọ́ méjèèjì. Omi inú abọ́ yẹn ti pọ́n. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú Jímọ̀." Bó sì ṣe kúnlẹ̀ ló rọra sún, tí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìró rẹ̀ fi bo abọ́ náà kí n má bàa rí i.

Mo dá a lóhùn, mo wọlé. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fìlà lórí. Ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fún wa fẹ́, tí ìyá rẹ̀ fà lé ìyàwó mi lọ́wọ́ pé ká máa tọ́jú rẹ̀, òun ló ń fọ ìgbẹ́ mi, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Ìtìjú tó wà ní mọ́sálásí, mo lè sá fún un. Mo lè máa kírun nílé. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ń gbé òkè orí mi, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo sọ ìdajì òótọ́ fún ọmọ mi. Mo ní èjìká ń dùn mí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé mo sọ nǹkan kan, torí ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé ká lọ rí dókítà. Ó gba ààyè níbi iṣẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú egungun. Wọ́n ya èjìká náà ní ẹ́síréè. Dókítà tó rí wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé àwòrán náà síbi iná, ó fi bírò tọ́ka sí i.

"Bàbá, orí egungun yìí ti jẹ tán. Ohun tó yẹ kó wà láàárín ò sí mọ́, egungun ló ń ha egungun. Róòbù ò lè dé ibẹ̀."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ṣé mo lè wọ ẹ̀wù fúnra mi? Ṣé mo lè fọwọ́ kan orí nígbà àlùwàlá? Mo ń dáhùn. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ṣé ẹ lè dá fọ ara yín?"

Mo ní, "Mo lè ṣe é."

Ọmọ mi mi orí. Ó mi orí bí ẹni tó ń jẹ́rìí bàbá rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá òun lágbára. Ìyàwó rẹ̀ ń wo báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, òùngbẹ ń gbẹ Bàbá." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ ra omi."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Omi wà nínú báàgì yẹn."

"Kò tutù," ló wí, ó sì ti ń ṣí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n jáde, dókítà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò tún ìbéèrè náà bi. Ó kàn dúró.

Mo ní, "Mi ò lè ṣe é." Ohùn mi wá láti ibì kan tí mi ò mọ̀. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti lè ṣe é."

Kò káàánú mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà fún mi. Wọ́n á gé orí egungun tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fi irin rọ́pò rẹ̀. Ìrora á lọ sílẹ̀ gan-an. Apá náà lè má lọ sókè orí bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò lè búra pé á dé ẹ̀yìn, ó ní, ṣùgbọ́n ó ń dé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo ti ń gbà á lọ́kàn nígbà tó sọ èyí tó kù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi aṣọ gbé apá náà kọ́ mi lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò sì gbọ́dọ̀ fi tẹ nǹkan kan. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń ti ara rẹ̀ dìde lórí àga. Mi ò ní lè ṣe ìyẹn mọ́. Ẹlòmíràn ló máa gbé mi dìde, tó máa wẹ̀ mí, tó máa mú mi lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, tó máa mú mi bọ̀.

"Ta ló máa wà pẹ̀lú yín?" dókítà bi mí.

"Ìyàwó mi."

"Ṣé ara màmá náà le?"

Àwọn ọmọ ti padà dé pẹ̀lú omi tútù.

Nígbà tí a délé, mo ní mi ò ṣe iṣẹ́ abẹ náà mọ́. Wo ohun tó wà níbẹ̀: mo fẹ́ kí ìtìjú kúrò lára mi, ìwòsàn tí wọ́n ń fún mi sì ní àfi kí n kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ dé ọrùn, lójú gbogbo ilé. Ọmọ mi rò pé ọ̀bẹ ni mò ń bẹ̀rù. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin, ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún mi lórí fóònù. Ó ní owó ò ní jẹ́ ìṣòro, àwọn ti sọ ọ́ láàárín ara àwọn. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí wọ́n pè mí ní ojo. Ìyàwó ọmọ mi nìkan ni kò bẹ̀ mí. Ó ń gbé oúnjẹ wá, ó ń kúnlẹ̀, ó ń kó aṣọ tó dọ̀tí lọ.

Ìyàwó mi dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ irun orí ọmọ tuntun náà, pé ó pọ̀ bíi ti bàbá mi. Ó fọ ẹ̀yìn, ó fọ ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú kó gbé apá òsì mi, ọ̀rọ̀ náà sì dá lójijì. Mo yíjú. Ó ti fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ojú rẹ̀ wà ní dídì, ó ń fi ẹnu mí.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ìbàdí ni. Ó ti pẹ́."

"O ò sọ."

"Ẹ̀yin náà ò sọ," ló dá mi lóhùn, ó sì mú kànrìnkàn padà.

Mo ti ń ro ìtìjú mi bí ẹni pé èmi nìkan ló ni ín, bí ẹni pé inú mi ni mo pa á mọ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdí obìnrin yìí ló ń gbé e, ọwọ́ ìyàwó ọmọ mi ló sì ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé. Èmi tí mo ní mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi, wọ́n ti ń gbé mi tipẹ́.

Nígbà tí a kírun Àsárì tán lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wo ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ìyá rẹ ló ń wẹ̀ mí. Ó ti pẹ́. Agbára rẹ̀ ò gbé e mọ́."

Ó ní, "Nígbà tí Màámi wà ní Ìlọrin ńkọ́?"

"Mi ò wẹ̀."

Mo rí i bó ṣe ń rò ó padà, ọjọ́ kan tẹ̀ lé ọjọ́ kan, títí tó fi gbójú sókè wo àtẹ̀gùn tó lọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ń fọ aṣọ mi. Ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ gòkè lọ bá a ni. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára àga, ó wọ balùwẹ̀, mo sì gbọ́ tí omi ń dà sínú báàkẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, ẹ dìde."

Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, ọ̀nà ni mo máa ń wà. Bí mo bá dé, á dọ̀bálẹ̀, màá fọwọ́ kan án lórí, ó tán. Mi ò rò pé ara èmi àti ọmọ yìí ti kan ara rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe níbi iṣẹ́, ó sì fọ̀ mí bí ẹni ń fọ ẹ̀rọ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láìfo ibì kankan. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró, ó ní, "Ṣé bí mo ṣe ń ṣe é yìí dáa?" Mo ní, "Ó dáa." Kò mú ọ̀rọ̀ aládùúgbò kankan wá, kò mọ irú ọgbọ́n yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọṣẹ tó wọ̀ mí lójú.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ìtìjú náà lọ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe kan ilẹ̀kùn, ara mi tún há. Lọ́jọ́ kẹta náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbé mi ti wà, mo sì ti mọ̀ pé mi ò ní kú bó bá gbé mi. Mo ní kí wọ́n pe dókítà. Ọmọ mi pààrọ̀ ṣíìfù rẹ̀ kó lè máa wà nílé láàárọ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi. Lónìí, apá òsì mi ń dé etí, kò kọjá ibẹ̀. Ó ń dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìnira díẹ̀. Mo ń fọ ara mi. Ìyàwó ọmọ mi ò fọ pátá mi mọ́, àwa méjèèjì ò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Nígbà tó di ọdún Iléyá, mo ra aṣọ fún un, ó kúnlẹ̀ gbà á, ó sì pẹ́ kó tó dìde. Mo rò pé ó yé e.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ọ̀sán ni, àwọn tó wá kí wa ti lọ. Bàbá arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi, itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Mo rí i pé ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ń pa ètè dé, ó ń wo nọ́ọ̀sì bó ṣe ń kọjá, bí nọ́ọ̀sì bá sì ti kọjú sí i, á yára wo òkè àjà. Nọ́ọ̀sì kọjá, ó tún padà. Bàbá náà ò pè é. Ó ti ń làágùn.

Mo mọ ojú yẹn. Mo ti gbé e kiri fún ìgbà pípẹ́.

Mo gbóhùn sókè débi tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi gbọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé póò wá. Ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí."

Àwọn kan yíjú. Obìnrin kan tó wá tọ́jú ọkọ rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ooru gun orí mi, bí ó ṣe gùn ún ní mọ́sálásí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé póò dé, mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ fún bàbá yìí, tèmi ṣì lè dúró." Ó wo èmi, ó wo bàbá náà, ó sì fa kọ́tìnnì yí i ká.

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́tìnnì, bàbá náà ò kí mi, kò wò mí. Mi ò retí rẹ̀. Ojú ń tì í, ojú ń ti èmi náà, a sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, àwa méjèèjì, títí tí oorun fi gbé e lọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sá fún ìtìjú, mo rò pé ọjọ́ tó bá bá mi ni òpin mi. Ó bá mi. Mo sì tún lò ó, mo fi bo ẹlòmíràn.